Ìgò Mi Nínú Fírísà Ẹja

Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, Ìyá Fàthíà! Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, kí àwọn tó ń ra ẹja yìí má baà rò pé ọmọ àná ń fojú àgbà gbolẹ̀. Ṣé ìkúnlẹ̀ ló máa tún un ṣe? Mo sọ fún yín àbí mi ò sọ? Mo ní kò síná ní láàbù wa, jẹnẹrétọ̀ ti kọṣẹ́, ẹ bá mi fi ìgò kékeré yìí sínú fíríjì tí ẹ ń kó omi sí. Fíríjì! Mo ní kó ṣáà tutù, kó má dì. Ẹ ní, "Tẹjúmọ́lá, fọkàn balẹ̀, ọwọ́ mi ló wà." Mo kẹ̀yìn báyìí, ẹ gbé e lọ sínú fírísà, sáàárín ẹja dídì, ó sì dì gbagidi!

Kí lẹ wí? Pé ẹ rò pé á túbọ̀ tutù níbẹ̀? Háà! Mo mọ̀ pé ẹ rò bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń pa mí gan-an nìyẹn, pé mi ò tiẹ̀ lè pè yín ní ènìyàn burúkú!

Ẹ rò pé oògùn ni. Kì í ṣe oògùn. Àǹtíbọ́dì ni wọ́n ń pè é. Àwọn nǹkan tíntìntín kan wà nínú imú gbogbo wa tó ń gba òórùn mú, ojú lásán ò lè rí wọn. Ohun tó wà nínú ìgò yẹn ló mọ̀ wọ́n. Á wá wọn kàn, á lẹ̀ mọ́ wọn, ibi tó bá lẹ̀ mọ́ á máa tàn lábẹ́ awò ńlá láàbù. Láti ọjọ́ tí ibà kan ti gba òórùn lọ́wọ́ mi, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mò ń bi Ọlọ́run: ṣé wọ́n ṣì wà níbẹ̀? Dókítà Ògúnjìmí gé ẹran bíńtín nínú imú mi, omi ń dà lójú mi, mi ò mira. Mo wò ó láàárọ̀ yìí. Òkùnkùn. Mo fi ẹran imú ẹni tí imú tiẹ̀ dá ṣáṣá dán an wò. Òkùnkùn náà ni! Ìgò ló kú. Ti imú mi, kò sẹ́ni tó mọ̀, bẹ́ẹ̀ èyí tí wọ́n gé ti tán!

Ẹ má sọ fún mi pé òórùn lásán ni. Gbogbo ayé ló ń sọ ọ́. Mo lọ sí káńsù pé kí wọ́n ka àwa tí òórùn sọnù lọ́wọ́ wa mọ́ aláìsàn, ọ̀gá kan fẹ̀yìn ti àga, ó ní, "O ò gbọ́ òórùn gọ́tà Ìsọlọ̀? Kí lo tún ń fẹ́ lọ́dọ̀ Ọlọ́run?" Wọ́n rẹ́rìn-ín! Gáàsì jò nínú yàrá mi, aládùúgbò ló já ilẹ̀kùn. Oúnjẹ dà bíi páálí lẹ́nu mi. Mo ń wẹ̀, mo tún ń wẹ̀, síbẹ̀ mi ò kí ń jókòó sún mọ́ ènìyàn, torí mi ò mọ̀ bóyá mò ń rùn. Ta ni mo fẹ́ bi? Ṣé ẹ rí ẹnikẹ́ni nílé mi rí?

Ẹ gbé ẹja yẹn padà! Kí ni mo fẹ́ fẹja ṣe?

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀ mí lóòótọ́, ẹ ti ṣọ́ọ̀bù yìí, ẹ tẹ̀lé mi. Ìró màámi kan wà nínú ọ̀rá, mi ò fọ̀ ọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti kú. Mò ń tọ́jú ẹ̀ de imú mi. Ẹ̀yin mọ̀ wọ́n, ẹ ti jọ sùn lórí ẹní kan rí. Ẹ máa bọ̀. Ẹ fi imú yín sí i, ẹ má purọ́ fún mi nítorí àánú, ẹ ṣáà sọ fún mi: ṣé màámi ṣì wà níbẹ̀?