Ẹnu Tí Mo Yá Jórinjórin

Ẹ jókòó, kí ẹ gbọ́ mi. Dókítà ti ní kí n máa palẹ̀ mọ́, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọlẹ̀. Ẹ yéé pè mí ní ìyá rere. Ìkà ni mí.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni mo kọ́kọ́ dé ìlú àjèjì yìí nínú gbogbo wa. Ilé-ìfọṣọ ni mo ti ń lọ aṣọ, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ èdè wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá dé lẹ́yìn mi, èmi ni mo ń bá a sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì, ní ọsibítù, níléèwé. Ẹnu Wa lẹ sọ mí. Orí mi sì ń wú.

Ní ọdún kan, wọ́n fi ọmọkùnrin mi sí iléèwé iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n ní ìwé kò wọ̀ ọ́ lórí. Ó dùn mí wọ eegun. Ọdún kejì ni Jórinjórin tó jókòó yìí, tó dé lẹ́yìn mi, ní kí n bá òun lọ gbọ́ ibi tí wọ́n máa fi ọmọbìnrin òun sí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Ó jókòó ti bàbá rẹ̀, ó káwọ́ lé itan.

Olùkọ́ ṣí fáìlì. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń kọ́ni, òun ò tíì rí irú ọmọ yìí. Iléèwé tó ń múni dé yunifásítì ni kí bàbá rẹ̀ buwọ́ lù. Ọmọ ẹni tó dé lánàá! Mo sọ fún Jórinjórin pé wọ́n ní ọmọ náà ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ló máa bá a mu. Mo yíjú sí olùkọ́, mo ní bàbá fẹ́ kó tètè kọ́ṣẹ́. Ojú olùkọ́ fà ro. Ó ní kí n bi í lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣé ó dá a lójú? Ẹ wo ohun tí mo ṣe. Mo ní, "Ó ń bi ọ́ bóyá inú ẹ dùn sí bí wọ́n ṣe tọ́jú ọmọ ẹ." Jórinjórin rẹ́rìn-ín, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó buwọ́ lùwé. Ọmọ yẹn, tó gbọ́ èdè méjèèjì, wò mí. Mo ranjú mọ́ ọn.

Ẹ rò pé ó parí síbẹ̀? Lọ́jọ́ kejì, Jórinjórin fà á wá sílé mi, ojú ọmọ ti wú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì í. Ó ní irọ́ lẹ pa fún mi. Mo ti nà án." Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà." Èmi, àgbàlagbà, mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo ní ó ti tán, mo ti dárí jì í. Mo tún ṣàdúrà fún un.

Ọdún mọ́kàndínlógún rèé. Bọ́tìnnì ni ọmọ náà ń rán mọ́ṣọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Kò já mi nírọ́ mọ́. Kò bá mi ṣeré mọ́ náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bí ọmọ sí ilẹ̀ àjèjì, tí ọmọ bá ní àgbà ń purọ́, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ ná. Jórinjórin, má sunkún. Ọmọ ẹ kò purọ́. Kí o tó dárí jì mí, lọ bẹ̀ ẹ́.