Ìyá Tí Kò Fẹ́ Kí A Ka Ọmọ Rẹ̀

Ìgbà yẹn, ọ̀dọ́ ni mí, ẹsẹ̀ mi ṣì ń jẹ́ iṣẹ́ tí mo bá rán an. Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ mi. Bọ́lá ni ó bi mí lánàá, ó ní, "Bàbá, báwo ni Màmá ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ònkà?" Òun náà ti di tíṣà báyìí, ní Òmù-Àrán. Mi ò dá a lóhùn lánàá. Láti ìgbà tí a ti sin ìyá yín àgbà, bí ẹnìkan bá bi mí nípa rẹ̀, mo máa ń kọ́kọ́ dákẹ́ ná. Ẹ má bínú. Mo lè sọ ọ́ lónìí.

Àbẹ̀kẹ́ ni mo ń pè é. A ò tíì pẹ́ tí a fẹ́ra nígbà tí wọ́n gbé àwa méjèèjì lọ ṣe tíṣà ní ìletò kan lẹ́yìn ìlú Bàbáńlá. Ọ̀nà ibẹ̀… ọ̀nà ibẹ̀ kò dára lónìí, ẹ wá wo bí yóò ti rí nígbà náà. Lọ́rì tí ó lọ kó iṣu ni ó gbé wa dé ibẹ̀. Èmi gba kíláàsì àwọn ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀. Òun gba àwọn kékeré, àwọn tí ikun imú ṣì wà ní ètè wọn.

Ònkà ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀ láràárọ̀. Kí ó tó kan ìwé kíkà, kí ó tó kan orin pàápàá, ònkà ni. Lónìí ẹ ń lẹ àwòrán aláràbarà mọ́ ògiri, fóònù ń bá yín ṣírò. Kí ni àwa ní? Ilẹ̀ ni a ní.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó ń dà á láàmú. Bí ó bá ní kí ọmọ kọ mẹ́rìnlélógún, ọmọ á kọ mẹ́rin, á wá kọ méjì tẹ̀ lé e. Ó di méjìlélógójì. Ṣé ẹ̀bi ọmọ ni? Mẹ́rin ni ẹnu wa kọ́kọ́ ń pè. Ohun tí ọmọ gbọ́ ṣáájú ni ó kọ ṣáájú. Èmi a máa na tèmi nítorí rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ kò nà wọ́n. Ó fi eérú ya ilé méjì sílẹ̀: ilé ẹyọ lọ́wọ́ ọ̀tún, ilé ẹ̀wá lọ́wọ́ òsì. Àwọn ọmọ fúnra wọn ni nọ́ńbà. Wọn á máa wọ ilé ẹyọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti pé mẹ́wàá, ilé ti kún nìyẹn, wọn kò gbọdọ̀ gbé ibẹ̀ mọ́. Á fi ọ̀já yí wọn ká, á sọ wọ́n di ìdì kan, wọn á jọ ṣí lọ sí ilé ẹ̀wá. Àwọn tó ṣẹ́kù á dúró sí ilé ẹyọ. Lẹ́yìn náà ni yóò ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí. Ọmọ tí ó ti wà nínú ìdì rí, ṣé ó lè gbàgbé ibi tí ìdì ń gbé?

Ọ̀já yẹn, ọ̀já ìpọnmọ ni. Ìyá rẹ̀ ni ó hun ún fún un nígbà ìgbéyàwó. A kò tíì bímọ.

Ọmọ kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Jímọ̀. Kò fẹ́ wọ ìdì rárá. Bí wọ́n bá ti ń sún mọ́ mẹ́wàá, á sá sẹ́yìn. "Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n jẹ́ ẹyọ lónìí. Sàká ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi."

Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá Jímọ̀ ń kọjá lọ sí oko. Ó dúró. Ó sọ agbọ̀n orí rẹ̀ kalẹ̀.

"Tíṣà, kí ni ò ń ṣe fún wọn yẹn?"

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ònkà ni."

"Ò ń kà wọ́n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Láràárọ̀."

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣé wọn kò sọ ọ́ fún ọ nílé yín ni?" Ó wo ọ̀já tí ó wà lára àwọn ọmọ náà. "Ọ̀já tí kò pọn ọmọ rí ni o fi ń di ọmọ ọlọ́mọ. Bí kíkà bá ń wù ọ́, lọ bí tìrẹ kí o máa kà á."

Ó fa Jímọ̀ yọ nínú ìdì, ó mú un lọ. Ojú fèrèsé kíláàsì mi ni mo wà tí mo fi gbọ́ ọ. Àbẹ̀kẹ́ tú ọ̀já lára àwọn ọmọ. Ó ká ọ̀já náà, ó rọra ká a… Kò sunkún. Ìbá sunkún, ara ìbá tù mí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kò wá. Mo ní n ó lọ bá baálẹ̀, kí ó pàṣẹ fún wọn. Ó ní, "Bí baálẹ̀ bá pàṣẹ, àwọn ọmọ yóò wá. Inú àwọn ìyá wọn kò ní wá. Àwọn ìyá ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀."

Ní ìrọ̀lẹ́ ó lọ bá ìyá Jímọ̀ nílé. Mo tẹ̀ lé e. Ó kúnlẹ̀. Kò bá a jiyàn, ó kàn bi í pé, "Ìyá, ẹ kọ́ mi. Báwo ni ẹ ṣe ń mọ̀ pé gbogbo ọmọ agboolé ti wálé?"

Obìnrin náà jókòó síwájú rẹ̀. Ó wá sọ ọ́. Jímọ̀ kọ́ ni àkọ́bí rẹ̀. Àwọn kan ti wà ṣáájú. Ìyá ọkọ rẹ̀ a máa fọwọ́ kan orí wọn, a máa kà wọ́n kí wọ́n tó sùn. "Ó ń kà wọ́n, wọ́n ń dín. Nígbà tí ó ku Jímọ̀ nìkan, mo ní kí ẹnikẹ́ni má kà fún mi mọ́. Abọ́ ni mo ń kà. Bí abọ́ bá ti pé, wọ́n ti jẹun nìyẹn."

Àbẹ̀kẹ́ gbójú sókè. "Bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá mú nǹkan kan wá láti ilé, ṣé ẹ ó jẹ́ kí n ka nǹkan náà?"

Èmi sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. Mo ní òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ lójú ọ̀nà.

"Òkúta kẹ̀?" Obìnrin náà wò mí. "Ṣé ẹ fẹ́ sọ wọ́n di ti Èsìé ni?"

Ẹ mọ àwọn ère Èsìé, tí wọ́n ní ènìyàn ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta. Ìyá Jímọ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Àbẹ̀kẹ́ náà rẹ́rìn-ín. Èmi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi. Kóró àgbálùmọ̀ ni wọ́n fẹnu kò sí. "Kóró kì í ṣe ọmọ," ni ìyá Jímọ̀ wí. "Máa ka kóró."

Àwọn ọmọ padà wá. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á ju kóró tirẹ̀ sí ilé ẹyọ bí ó bá ti ń wọlé. Bí ó bá pé mẹ́wàá, wọn á fi ewé dì í, wọn á gbé e lọ sí ilé ẹ̀wá.

Ní àárín ọyẹ́, ibà mú Jímọ̀. Ibà náà le. Mo lọ wò ó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kò lè dáhùn nígbà tí mo pè é. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì Àbẹ̀kẹ́. Ó di ọwọ́ rẹ̀ kan.

"Tíṣà, kóró Jímọ̀ rèé. Ó ní kí n mú un wá."

Ṣé Jímọ̀ lè sọ bẹ́ẹ̀? Àbẹ̀kẹ́ mọ̀. Èmi náà mọ̀.

"Ẹ bá mi kà á mọ́ wọn."

Ìdì méjì ni ó wà ní ilé ẹ̀wá láàárọ̀ yẹn. Kóró mẹ́sàn-án wà ní ilé ẹyọ. Àbẹ̀kẹ́ kò gba kóró náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ fi ọwọ́ ara yín sọ ọ́ sí i, mà." Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi í sí i. Ilé ti kún. Àbẹ̀kẹ́ na ewé sí i. Òun fúnra rẹ̀ ni ó di mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó dì í pinpin, ó gbé e lọ sí ilé ẹ̀wá. Ó wá dojú kọ àwọn ọmọ.

"Mélòó ni wọ́n?"

"Ọgbọ̀n," ni wọ́n wí.

"Ẹ tún un kà."

Wọ́n tún un kà. Ó dúró títí wọ́n fi kà á tán, kí ó tó lọ. Àràárọ̀ ni ó ń wá bẹ́ẹ̀, títí Jímọ̀ fi dìde. Ó dìde, ẹ má mikàn. Ó ti di bàbá àgbà báyìí.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, nígbà tí a délé, mo ní, "Àbẹ̀kẹ́, ọ̀kàndínlọ́gbọ̀n ni ọmọ tó wá. O jẹ́ kí wọ́n pè é ní ọgbọ̀n. Kò tọ́."

"Kí ni ọ̀kàndínlọ́gbọ̀n?" ni ó bi mí. "Ọgbọ̀n tí ọ̀kan dín nínú rẹ̀ ni. Èyí tí kò sí níbẹ̀ gan-an ni a kọ́kọ́ ń dárúkọ. Ìwọ ni o fẹ́ pa á rẹ́."

Ẹ gbọ́, a bímọ, a tọ́ wọn, a fẹ̀yìn tì, a ò jiyàn náà tán. Ó lè máa ṣa òkúta inú ìrẹsì, á kàn ní, "Ọgbọ̀n ni o."

Bọ́lá, ilé-ìwé yín tóbi, ọmọ pọ̀, ẹ̀rọ ni ẹ fi ń mọ ẹni tí ó wá àti ẹni tí kò wá. Ó dára. Ṣùgbọ́n kí o tó ka ọmọ, lọ kí ìyá rẹ̀ nílé. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ lóde òní?

Ní tèmi… mo ṣì sọ pé ọ̀kàndínlọ́gbọ̀n ni. Mo sọ ọ́ lánàá níbi tí mo ti ń jẹun. Mo sọ ọ́ sókè, mo sì dúró kí Àbẹ̀kẹ́ ní, "Ọgbọ̀n ni o."