Ipò Mi Ni Lásísì Kú Sí

Ẹnikẹ́ni tó bá tún pè mí ní akọni ní àdúgbò wa, Banikanni yìí, èébú ni yóò gbọ́ lẹ́nu mi. Akọni wo? Inú ń bí mi, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ń bínú sí bàbá mi, mo ń bínú sí ọ̀gá wa, ṣùgbọ́n èmi alára ni mo ń bínú sí jù. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Sójà ni mí, kì í ṣe sójà orí ọkọ̀, ti inú ẹrẹ̀ àti ẹ̀gún ni. Wọ́n kó wa lọ sókè lọ́hùn-ún, nítòsí ẹnubodè, níbi tí àwọn agbébọn ti ń gba inú igbó wọlé. Kòtò là ń gbẹ́, omi gbígbóná là ń mu, a ó sì máa wo igbó títí ojú yóò fi máa ta wá. Èmi àti Lásísì, ọmọ àdúgbò Ladjifarani nílé níbí, la jọ wà ní kòtò kan, àwa méjèèjì la sì ń pín wákàtí ìṣọ́ láàárín ara wa. Aláwàdà ni. Bí mo bá ń ráhùn, á ní, "Ìwọ yìí, ẹnu ẹ ti dà bíi ti ìyá àgbà jù."

Nígbà tí ìyàwó mi bí àkọ́bí wa, bàbá mi, tó ń ta aṣọ lọ́jà ńlá, bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí mo gun òkè lọ pè é lórí fóònù. Ó ní nílé tiwa, baba ọmọ ló ń sọ orúkọ sétí àlùfáà kí wọ́n tó kéde ẹ̀, òun ò ní jẹ́ kí àwọn àna fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ bá mi sọ ọ́, ojú ogun ni mo wà." Ó ní, "Ṣé ìbọn ló dí ẹ lẹ́nu ni?" Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n dá pé kí n fi fóònù sọ orúkọ náà, wákàtí ìṣọ́ mi gan-an. Fóònù kì í sì í mú ní ibùdó, àfi kéèyàn gun òkè tó wà lẹ́yìn wa. Lásísì ti ṣọ́nà mọ́jú, ojú ẹ̀ pọ́n kankan, oorun ló kàn án. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi dúró díẹ̀ sí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Máa lọ, baba ọmọ." A ò sọ fún ọ̀gá kankan.

Orúkọ ọmọ kò tíì tán lẹ́nu mi tí ìbọn fi dún nísàlẹ̀. Mo sáré, mo ṣubú, mo dìde. Kí n tó débẹ̀, àwọn agbébọn ti bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀, Lásísì sì ti kú. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá wa kó wa jọ, ó ní Lásísì sùn lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n fi yọ́ wọlé. Ó bi wá bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ sọ. N ò sọ nǹkan kan! Wọ́n ní ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Irọ́ ni! Ìka ẹlòmíì ni wọ́n gé níṣojú mi. Bó bá tiẹ̀ sùn lóòótọ́, wákàtí ta ló sùn sí?

Mo wálé fún ìsinmi, gbogbo àdúgbò ń pè mí ní akọni tó ti ojú ogun dé, bàbá mi pa àgbò. Mo jẹ́wọ́ fún un. Ó ní, "Pa ẹnu ẹ mọ́. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n jù ẹ́ sẹ́wọ̀n, kí ọmọ ẹ máa wá baba kiri ni?" Díẹ̀ ló kù kí n bú bàbá tó bí mi. Lánàá, ìyá Lásísì gbé wàgásì, wàrà díndín, wá fún mi. Mo rò pé ó fẹ́ béèrè bí ọmọ ẹ̀ ṣe kú ni. Àfi bí ìyá arúgbó ṣe kúnlẹ̀ síwájú mi! Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ forí jì í. Wọ́n ní oorun ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbogbo yín. Ẹ má ṣépè fún un." Mo gbé e dìde, mo ní, "Ìyá, a ti forí jì í." Ẹ gbọ́ mi! Èmi ni mo forí ji Lásísì!

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi àṣà ilé pe ọmọ yín kúrò lẹ́nu ìṣọ́. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ mi, ta ni kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún, ọ̀gá wa ni àbí ìyá yẹn? Ẹ tètè dá mi lóhùn, torí ìyá náà ti ń lọ láti ilé sójà kan dé òmíràn ní Parakou yìí, ó ń kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ ẹ̀.