Kẹ̀kẹ́ Tí Mo Ní Kí Damien Mú

Ẹ̀yin tí ẹ óò ka ìwé yìí, n kò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ inú ilẹ̀. Dókítà ti sọ fún mi pé kíndìnrín mi kò ní pẹ́ dákẹ́. Kí èmi náà tó dákẹ́, ẹ gbọ́ ẹni tó ba ọwọ́ ọ̀tún Damien jẹ́, ọwọ́ tó fi ń ránṣọ jẹun ní Sakété. Èmi ni.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn olóore kan fi kẹ̀kẹ́ méjì ránṣẹ́ láti ilẹ̀ Faransé sí ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́ tí mo ń kọ́. Lójú ẹni tí kò mọ̀, ìbejì ni wọ́n: ọwọ́ àwọn méjèèjì tẹ̀ bí ìwo àgbò, táyà wọn sì ní eyín. Ṣùgbọ́n mo kọ́ físíìsì ní yunifásítì, mo sì ti gun méjèèjì wò. Èyí tí wọ́n ń pè ní siklokrọ́ọ̀sì kúrú, ó ga, ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Eré wákàtí kan nínú ẹrẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Bí o bá kàn wo ẹ̀gbẹ́, ó ti yà. Èkejì, gráfẹ́ẹ̀lì, gùn, táyà rẹ̀ fẹ̀. Lórí ilẹ̀ pupa tó rí gbágungbàgun bí páànù òrùlé, kì í dójú ti ẹni tó ti rẹ̀.

Ìdíje tó ń bọ̀ nígbà náà yóò gba ọ̀nà oko láti Sakété dé Pobè, títí dé Ahoyéyé. Ẹni tó bá borí ni wọn óò mú lọ díje ní Kútọnu. Damien àti Martial tó jẹ́ àbúrò mi ni kẹ̀kẹ́ méjèèjì tọ́ sí. Nílẹ̀ wa, àbúrò ní í pín, ẹ̀gbọ́n ní í kọ́kọ́ mú. Damien sì fi oṣù mẹ́jọ ju Martial lọ. Ó bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Èwo ni kí n mú?” Mo nawọ́ sí siklokrọ́ọ̀sì. Mo ní ó fúyẹ́, òótọ́ ni. Mo ní ó tètè ń yà, òótọ́ ni. Mo ní ó rọrùn láti gbé kọ́ èjìká, òótọ́ náà ni. N kò sọ pé ọ̀nà náà jìn jù fún irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀. Gráfẹ́ẹ̀lì sì bọ́ sọ́wọ́ Martial.

Basile tó ń tún kẹ̀kẹ́ wa ṣe fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Ọ̀gá, ẹ bá ọmọ ọlọ́mọ sọ òótọ́.”

“Èwo nínú ohun tí mo sọ ni irọ́?”

“Ìwé yín ti pọ̀ jù fún mi,” ló wí, ó sì padà sídìí ṣéènì tó ń fi epo pa.

Ní ọjọ́ ìdíje, Damien ló ṣáájú títí a fi dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó kọjú sí Ahoyéyé. Ọwọ́ ti rẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń bọ̀ nínú eruku. Damien wo ọkọ̀ náà, táyà iwájú sì tẹ̀lé ojú rẹ̀. Ó ṣubú lu ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Èmi ni mo wà lórí alùpùpù lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù: kí n tó wo Damien nílẹ̀, mo kọ́kọ́ gbójú sókè wo ibi tí Martial sáré dé.

Títí dòní ni Èjìdé, ìyá Damien, ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo gbé ọmọ òun dé ọsibítù. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo lọ jẹ́wọ́ fún Damien. Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, àìsàn ló ń sọ yẹn. Èmi ni n ò di kẹ̀kẹ́ mú dáadáa. Ẹ má gbé ẹ̀bi mi lọ sọ́run.” Mo tún ṣàlàyé fún un, ó fi ọwọ́ òsì bu omi fún mi.

Báwo ni ẹni tí mo ṣẹ̀ yóò ṣe dárí jì mí, nígbà tí kò gbà pé mo ṣẹ̀ ẹ́? Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó mọ̀wé, bí ẹni tó fọkàn tán yín bá ní kí ẹ bá òun yàn, ẹ sọ ohun tí kò mọ̀ láti béèrè. Ẹ̀yin ará Sakété, ọ̀rọ̀ yín lè wọ Damien létí ju tèmi lọ. Ẹ bá mi sọ fún un pé ó di kẹ̀kẹ́ náà mú dáadáa.