Èmi Ni Mo Ti Àpótí Fáìlì Mọ́ Ìyá Dúpẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹrù ọ̀rọ̀ kan wà lọ́rùn mi tí n kò lè dá gbé mọ́. Ìyá Dúpẹ́, akọ̀wé àgbà ilé-iṣẹ́ wa, fẹ́ jẹ́rìí ọpẹ́ nípa mi ní ìjọ rẹ̀ ní Lokongoma lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Bí kì í bá ṣe ti ẹ̀rí yìí, ǹ bá máa dákẹ́ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù gbọ́ mi.

Olùwádìí ìtàn ni mí ní Lokoja níbí. Àpótí kan wà ní ilé-iṣẹ́ wa tí a fi wáyà so mọ́ gbogbo kọ̀ǹpútà, inú rẹ̀ sì ni gbogbo wa ń kó fáìlì sí. Ètò tí wọ́n ń pè ní Línúsì ni kọ̀ǹpútà tèmi ń lò. Wíńdòsì ni ti àwọn yòókù, ti Ìyá Dúpẹ́ ló sì gbó jù. Èmi ni mo kọ ìkìlọ̀ tí a lẹ̀ mọ́ àpótí náà, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí ètò rẹ̀ padà láìsọ fún àwọn yòókù.

Mo yí i padà. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kí kọ̀ǹpútà tó wọ inú àpótí, ó ní láti kọ́kọ́ kí i. Ìkíni méjì ló wà, ti àtijọ́ àti ti òde òní; kọ̀ǹpútà tèmi kọ̀ láti lo ti àtijọ́. Mo ka ìwé ìtọ́ni, ó ní olè lè gba ọ̀nà ìkíni yẹn wọlé. Mo bá pàṣẹ pé kí àpótí má dá ìkíni àtijọ́ lóhùn mọ́. Òótọ́ ni ohun tí mo kà. Ohun tí n kò rò ni pé ìkíni àtijọ́ yẹn nìkan ni kọ̀ǹpútà Ìyá Dúpẹ́ mọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń kí, àpótí kò dáhùn. Ìròyìn tí ọ̀gá fẹ́ gbé lọ sí ìpàdé sì wà nínú àpótí náà. Sàlífù, ọmọ Ebira tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, fi ṣe yẹ̀yẹ́ bí ìṣe rẹ̀: "Màmá, ó yẹ kí kọ̀ǹpútà yín ti máa gba owó ìfẹ̀yìntì."

Ìyá Dúpẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Lójú gbogbo wa ló ní, "Sàlífù, ìwọ lo mọ ohun tí o ṣe sí i."

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo wo ìkìlọ̀ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ, ojú tì mí. Nígbà tí wọ́n gbàdúrà lé àpótí náà lórí ní ìsìn òwúrọ̀ ilé-iṣẹ́ wa, àmín tèmi ló ròkè jù. Mo kàn bẹ̀ wọ́n kí òróró àdúrà tí wọ́n ń ta sí i má kan ibi tí wáyà gbà wọlé.

Nígbà tí wọ́n jáde lọ jẹun ọ̀sán, mo ní kí àpótí máa dá ìkíni méjèèjì lóhùn. Ìyá Dúpẹ́ wọlé bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà, ó tún kọ̀ǹpútà rẹ̀ dán wò, fáìlì rẹ̀ sì ṣí.

"Okun o, Ọ̀mọ̀wé," ó kí mi bí àwọn ará Okun ṣe máa ń kíni. "Ọlọ́run ló lò yín."

Ó fi iṣu oko wọn ránṣẹ́ sí mi nílé ní Ganaja. Sàlífù, aládùúgbò mi, ló bá mi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti inú kẹ̀kẹ́. "Ọ̀mọ̀wé," ó ní, "ẹ bá mi bẹ Màmá. Mo ń kí wọn láràárọ̀, wọn kì í dáhùn."

Mo ní màá gbìyànjú. Mo sì jẹ nínú iṣu náà.

Nínú ẹ̀rí yẹn, èmi ni ohun èlò Ọlọ́run, Sàlífù sì ni ọ̀tá ibi iṣẹ́. Ìyá Dúpẹ́ ti ní kí n jókòó síwájú.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá sọ fún un ní kọ̀rọ̀, ta ni yóò gbọ́ pé Sàlífù kò ṣẹ̀? Gbangba ni wọ́n ti bá a wí. Mo rò pé n óò pe àwọn méjèèjì síwájú ìkìlọ̀ mi lọ́la, lójú gbogbo ilé-iṣẹ́. Ẹ ràn mí lọ́wọ́ kí n dárí ji ara mi, kí n lè dé ibẹ̀. Ẹ sì gbà mí nímọ̀ràn lórí iṣu: ìdajì rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, èwo nínú àwọn méjèèjì ni kí n gbé e fún?