Ìbéèrè Tí N Kò Dáhùn Nípa Ẹ̀jẹ̀ Àbúrò Mi

Gèlè àbúrò mi ṣì wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Láàárọ̀ yìí ni mo mú un, mo fi bo ojú, mo sì gbọ́ òórùn rẹ̀: òrí tó máa ń fi para, èéfín igi, gààrí kíkan. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ òórùn lójoojúmọ́ lè má mọ ohun tí mò ń sọ. Ọdún mẹ́fà ni imú mi fi kú. Ó yẹ kí n jó, àbí? Ẹkún ni mo bú sí. Ẹni tó ni gèlè náà ti kó lọ sí Ìbẹ̀fun, kì í sì í gbé ìpè mi. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà, ni mo lé e lọ. N kò nà án, n kò bú u. Dídákẹ́ ni mo dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó tì mí, kí n rò ó fún yín.

Gààrí ni ìyá wa dín tó fi tọ́ wa nílùú Ìjẹ̀bú-Òde yìí, òun náà ni èmi àti Bùkọ́lá gbà ṣe, lẹ́yìn ilé wa lọ́nà Ìjagun. Ẹ mọ gààrí Ìjẹ̀bú: bí kò bá kan, kì í ṣe tiwa. Bí a bá rin pákí tán, inú àpò ni yóò wà lábẹ́ òkúta, títí omi rẹ̀ yóò fi jáde, tí yóò sì kan, kí a tó sẹ́ ẹ, kí a tó dín in. Ọjọ́ mélòó? Ìyá wa kì í ka ọjọ́. Yóò bẹ̀rẹ̀, yóò fi imú kan ẹnu àpò, yóò ní, "Ó ku ọ̀la," tàbí, "Ẹ dáná." Nígbà tí eegun rẹ̀ kò gbé e mọ́, èmi ló fa iṣẹ́ imú náà lé lọ́wọ́. Ojú Bùkọ́lá ló ṣe sọ ọ́: "Imú ẹ̀gbọ́n rẹ ni imú ilé yìí." Ó dùn mọ́ mi ju kí ó pín ilẹ̀ fún mi lọ.

Lẹ́yìn tí ìyá wa kú ni imú èmi àti Bùkọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Èépá a máa dì sínú rẹ̀ bí ìsàlẹ̀ ìkòkò, bí a bá fọ̀ ọ́ jáde, ẹ̀jẹ̀ a tẹ̀ lé e. Díẹ̀díẹ̀, òórùn lọ. Bùkọ́lá sọ tirẹ̀ fún gbogbo ayé. Èmi ńkọ́? Mo fi tèmi pamọ́. Ta ni yóò gbọ́ pé imú ilé ti kú tí yóò tún ra gààrí lọ́wọ́ wa? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka ọjọ́. Bí ọjọ́ bá pé, n ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá àpò, n ó fa imú, n ó di ojú bí ẹni tó gbọ́ ohun kan, n ó ní, "Ẹ dáná." Ẹ wo eré orí ìtàgé tí mo ń ṣe lójú àwọn oníbàárà!

Bùkọ́lá ló mú mi dé ọ̀dọ̀ dókítà imú kan. Obìnrin náà yẹ̀ wá wò, ó ní ara inú imú wa ti fẹ́lẹ́, èéfín àti eruku kò sì ràn án lọ́wọ́. Ó ní ìtọ́jú tuntun kan wà: wọn yóò fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lápá aláìsàn fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ kan yóò máa yí i bí òòyì títí pupa rẹ̀ yóò fi rọ̀ sísàlẹ̀, wọn yóò wá fa omi tó yọ sókè, tó rí bí òróró, wọn yóò gún un padà sínú imú. Ó ní òun kò ṣèlérí. Ó ń ran àwọn kan lọ́wọ́, kò ran àwọn mìíràn. Mo yíjú sí àbúrò mi.

"Bùkọ́lá, ìwọ kọ́kọ́ lọ."

"Àǹtí mi, ṣé ẹ fẹ́ wò ó bóyá n ó kú ni?"

A rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ wò gan-an nìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ, oṣù kan sí ara wọn. Kò sọ ohunkóhun fún mi, àṣé kò fẹ́ tètè yọ̀ ni. Ọyẹ́ wá mú lọ́dún náà. Bí òtútù bá mú, pákí kì í tètè kan, ìka mi kò sì mọ̀yẹn. Alájà tó ń wá rajà láti Ìjẹ̀bú-Igbó dúró tì wá láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fa imú, mo di ojú.

"Ó ti tó. Ẹ dáná."

"Àǹtí mi," ni Bùkọ́lá wí jẹ́jẹ́, "kò tíì tó o."

Gbogbo agboolé yíjú sí i: àṣé òórùn ti padà sí imú rẹ̀! Alájà wo èmi, ó wo òun. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó fi díẹ̀ kan ahọ́n, ó tu ú dànù.

"Ìyá Dàpọ̀," ló wí fún mi, "ó jọ pé imú ti kó kúrò lọ́dọ̀ yín o!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bùkọ́lá nìkan ni kò rín. Ìyẹn ló tilẹ̀ dùn mí jù, pé ó ṣàánú mi. Láti ọjọ́ náà, òun ni wọ́n ń pè sídìí àpò. N ó jókòó ti agbada, n ó máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, àyà mi a máa jó ju iná lọ. Bó bá sín, inú ń bí mi. Bó bá ní ẹja aládùúgbò ń jóná, mo ń rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀sín. Kí ló dé tó jẹ́ tirẹ̀? Ṣé èmi kọ́ ni ìyá wa fi í lé lọ́wọ́?

Mo pè é sí kọ̀rọ̀. "Ẹ̀jẹ̀ tìrẹ ló dára. Jẹ́ kí wọ́n fà á fún mi."

"Àǹtí mi, ẹ̀jẹ̀ oníkálùkù ni wọ́n ń gún fún un. Ẹ jẹ́ ká lọ, n ó dì yín lọ́wọ́ mú."

Ahun ni mo pè é nínú mi.

Nígbà tí Alájà tún dé, ó bá mi lémi nìkan. Ó ní, "Báwo ni imú àbúrò rẹ ṣe tún là?"

Mo wò yí ká. "Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n gún sí i nímú."

Ó fà sẹ́yìn. "Ẹ̀jẹ̀ ta ni?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ méjì péré ni ìdáhùn rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Ó wà lórí ahọ́n mi. Mo gbójú sílẹ̀, mo ń ro gààrí lọ.

"Aùsùbílàhi!" ni Alájà wí.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi kò tilẹ̀ bọ́, ó sì fọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, ẹ̀jẹ̀ ti di ẹ̀jẹ̀ ọmọdé lẹ́nu àwọn èèyàn. Bí oníbàárà bá dé, wọn a béèrè pé, "Ta ló dín in?" Bí mo bá ní èmi ni, wọn a rà. Kí n má purọ́ fún yín, inú mi dùn.

Bùkọ́lá di ẹrù rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Àǹtí mi, ta ló sọ fún wọn?"

"Ṣé mo mọ̀ ni?"

Ó wò mí títí. "Ẹ má ṣèyọnu. Imú mi ti là." Ó gbé àpò rẹ̀, ó sì lọ. Gèlè yìí ló gbàgbé.

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Kò sí ẹni tó lè gbọ́ òórùn àpò mọ́, gààrí mi kì í kan tó mọ́, tàbí kó kan jù, oníbàárà sì fọ́n ká. Nígbà tó yá, mo dá lọ bá dókítà náà. Nọ́ọ̀sì fa ẹ̀jẹ̀ mi sínú ìgò kékeré, ó mú bírò, ó béèrè ohun tí wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo èèyàn kí wọ́n má baà ṣi ẹ̀jẹ̀ kan mú fún òmíràn.

"Màmá, ẹ̀jẹ̀ ta ni èyí?"

Mo rẹ ohùn sílẹ̀. "Tèmi ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ sókè."

"Tèmi ni!"

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni èmi náà lọ. Imú mi kò là tán, àmọ́ gèlè yìí ni ohun àkọ́kọ́ tó wọlé sí i. Ẹ wá gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé Ìbẹ̀fun ni kí n kọ́kọ́ lọ, kí n kúnlẹ̀ fún àbúrò mi? Tàbí kí n dé Ìjẹ̀bú-Igbó ná, kí n dúró láàárín ọjà, níbi tí gbogbo wọn yóò ti gbọ́, kí n dá Alájà lóhùn ìbéèrè tó bi mí láti ọjọ́ yìí? Ọ̀rọ̀ méjì péré ni. Tirẹ̀ ni.