Ẹ̀gún Kọ́ Ló Fọ́ Ojú Ṣadé

Inú ń bí mi, ẹ má tíì ní kí n mú sùúrù. Irọ́ tí mo ti ń ṣépè fún láti ogún ọdún, èmi náà ni mo fi ẹnu ara mi pa á lánàá!

Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi mí fún ọkọ mi lẹ́yìn Màpó, àwọn ará ilé wa wádìí ìdílé wọn bó ṣe yẹ: ṣé kò sí wèrè, ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀, wárápá ńkọ́? Ojú òsì ọkọ mi tó fọ́ nìkan ló kọ wọ́n lóminú. Ìyá ọkọ mi ní ẹ̀gún ló gún un lóko nígbà tó wà lọ́mọdé. A gbà bẹ́ẹ̀. A ò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Mo bí Ṣadé. Kò tíì pé ọdún kan tí ẹyinjú ọ̀tún rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í tàn funfun bí ojú ológbò. Ìyá ọkọ mi ní èmi ni mo fà á, pé mo gbé oyún rìn lóòrùn ọ̀sán gangan lọ sí Ọjà'ba. Mo sì gbà, òmùgọ̀ èmi! Oṣù méje gbáko ni mo fi ń bẹ̀bẹ̀, tí mo ń fi ìborùn bo ojú ọmọ, tí mo ń kán oríṣiríṣi omi sí i. Nígbà tí a máa fi gbé e dé ọsibítù, ojú ti wú, àfi kí wọ́n yọ ọ́. Dókítà wo ojú ọkọ mi títí, ó wá bi ìyá rẹ̀ léèrè ohun tó ṣe é. Màmá tẹrí ba, wọ́n ní:

“Àwọn dókítà òyìnbó ló yọ ọ́. Ó ń tàn funfun bíi tèyí náà.”

Màmá mọ̀! Wọ́n mọ̀ o, wọ́n sì ń fi oòrùn ọ̀sán bú mi!

Lọ́dún yìí, Ṣadé ti fẹ́ lọ sílé ọkọ, ó ní ká jọ lọ bi dókítà léèrè. Dókítà ní jíìnì kan wà nínú ara tó ń pèsè aṣọ́nà, òun ló ń sọ fún ẹran ara pé ó tó, má pọ̀ mọ́. Ọ̀kan látọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan látọ̀dọ̀ ìyá. Èyí tí ọkọ mi fún Ṣadé ti bàjẹ́. Nígbà tí èkejì tún bàjẹ́ nínú ojú rẹ̀, ẹran ara ń pọ̀ ṣáá láìsí ẹni tó máa dá a dúró, ó sì di jẹjẹrẹ ojú. Ó ní Ṣadé lè gbé e fún ọmọ tirẹ̀ náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń yẹ ojú ọmọ wò látìgbà tí wọ́n bá ti bí i, wọ́n á tètè rí i kó tó ṣe é lọ́ṣẹ́.

Lánàá, ìyá àfẹ́sọ́nà Ṣadé wá wádìí wa láti Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó mu omi tán, ó ní: “Màmá Ṣadé, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣe ojú ìyàwó wa?”

Ṣadé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Mo rò ó pé bí mo bá sọ òótọ́, ta ni yóò fẹ́ ẹ? Mo ní: “Ẹ̀gún ni.”

Ọmọ náà wọlé lọ. Ó tilẹ̀kùn mọ́rí.

Wọ́n ń gbé iṣu ìdána bọ̀ ní Sátidé. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ìyá ìyàwó rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n lọ jẹ́wọ́ fún obìnrin yẹn ni, àbí kí n dákẹ́ títí ojú ọmọ-ọmọ mi á fi tàn funfun, kí wọ́n wá sọ pé Ṣadé ló rìn lóòrùn ọ̀sán?